Ọyún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ọmọ: ṣé kí n gbà kí wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́ láyà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ọmọ ọdún 3 ni ọmọ mi ọkùnrin. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ikọ́ àti ibà ti ń bá a fínra. Oògùn kẹ́míìsì kò ràn án, la bá gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ní òtútù àyà ni. Ó ti gba abẹ́rẹ́ fún ọjọ́ 5, síbẹ̀ ara rẹ̀ ń gbóná lálaalẹ́. Àná ni wọ́n ya X-ray, wọ́n ní ọyún púpọ̀ ti gbá jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lápá ọ̀tún, pé àwọn máa dá ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn á fi rọ́bà fà á jáde. Ìyá ọkọ mi ní àwọn ò gbà. Wọ́n ní ọmọ aládùúgbò àwọn kan tí wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún kò padà wálé mọ́, pé kí n ní kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tó lágbára ju èyí lọ, tàbí ká kúkú gbé e kúrò níbẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú àìsùn, ìyá ọmọ. Ọlọ́run á fún un lálàáfíà. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ lẹ wà bẹ́ ẹ ṣe ń ka èyí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ìdáhùn ṣáájú àlàyé: tó bá jẹ́ ọyún ni lóòótọ́, tó sì pọ̀ bẹ́ ẹ ṣe wí, ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á, kí wọ́n sì tètè ṣe é. Ẹ má gbé ọmọ kúrò níbẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́ tó lágbára tó láti ṣe iṣẹ́ rọ́bà yẹn.

Ẹ wo eéwo tó ti gbó, tójú rẹ̀ ti funfun. Kò sí àgbàlagbà nílé yín tó máa ní kẹ́ ẹ kàn máa fún ọmọ ní kápúsù kan tẹ̀ lé òmíràn, kí eéwo má tú. Wọ́n á ní ọyún inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde kí ara tó lè tu ọmọ. Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ yín náà nìyẹn, inú àyà ló kàn fara pa mọ́ sí. Inú ẹ̀jẹ̀ ni oògùn ń gbà dé ibi tó ń lọ, ọyún kò sì ní iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú. Oògùn á dé etí rẹ̀, á pa kòkòrò tó bá bá níbẹ̀, àwọn tó wà láàárín á jókòó pẹ̀sẹ̀. Gentamicin, tó ṣeé ṣe kó wà lára abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún un, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí iṣẹ́ ṣe nínú ọyún, torí ọyún máa ń kan.

Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ló bo ẹ̀dọ̀fóró: ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ọn lára, ìkejì lẹ̀ mọ́ abẹ́ egungun ìhà. Omi tó wà láàárín wọn lára ọmọ tí ara rẹ̀ dá kò kún ṣíbí ìpotíì kan. Kí awọ méjèèjì lè máa yọ̀ lára wọn tí ọmọ bá ń mí ló ṣe wà níbẹ̀. Tí òtútù àyà bá dé etí ẹ̀dọ̀fóró, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í jò sáàárín awọ yẹn. Ẹni tó bá ti ṣe ògì rí, ọ̀rọ̀ yìí á yé e. Ní ìbẹ̀rẹ̀, omidun ni. Ó mọ́, ó ń ṣàn, tí kò bá sì pọ̀, oògùn nìkan lè gbẹ ẹ́. Tí kòkòrò bá wọnú omi yẹn, ó di ògì: á ki, á lè funfun tàbí kó pọ́n bí ìyeyè, okùn tín-ín-rín bíi ti aláǹtakùn á ta nínú rẹ̀, á pín in sí yàrá-yàrá. Tí wọ́n bá tún fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó di ẹ̀kọ. Ó ti dì nìyẹn, ó ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró bí èèpo, ẹ̀dọ̀fóró ò sì ní lè fẹ̀ mọ́. Wẹ́rẹ́ ni rọ́bà ń fa omidun. Ó ń fa ògì pẹ̀lú wàhálà díẹ̀. Kò sí rọ́bà tó ń fa ẹ̀kọ. Ìyẹn di ti oníṣẹ́ abẹ.

Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan lọ́rùn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ọmọdé, ní ọsibítù tí n kò ní dárúkọ, wọ́n gbé ọmọbìnrin ọmọ ọdún 4 kan wá, òtútù àyà. Ibà ò lọ, a pààrọ̀ oògùn. Ibà ò lọ, a tún pààrọ̀. Láàárín ọjọ́ 9, ẹ̀ẹ̀mẹta la pààrọ̀ oògùn, bàbá ọmọ sì ta ọ̀kadà rẹ̀ kó tó rí owó èyí tó kẹ́yìn. Ní ọjọ́ kẹwàá, ọ̀gá wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsinmi dé yà sídìí bẹ́ẹ̀dì náà. Kò wo fáìlì. Ó gbé ọmọ jókòó, ó tẹ́ ìka àárín ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ ọmọ lẹ́yìn, ó wá ń fi ìka ọwọ́ ọ̀tún kàn án. Apá òsì ń dún gbìn, gbìn, bí ìlù. Ó sún un sápá ọ̀tún: pẹ́, pẹ́, bí ẹni ń kan ògiri. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Dókítà, ṣé o ti rí bí elépo ṣe ń kan kẹ́ẹ̀gì kó lè mọ ibi tí epo dé?” Ẹ̀rọ tí mo fi ń gbọ́ àyà ti wà lọ́rùn mi fún ọjọ́ 9, n kò sì kan ẹ̀yìn ọmọ yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí n tó kà á pé bí ìmọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Leopold Auenbrugger, dókítà ará Austria tó gbé e jáde ní 1761, ọmọ onílé-èrò ni, wọ́n sì ní ara àgbá ọtí bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Ní ti ọmọbìnrin wa, ó ti di ẹ̀kọ kí á tó ki rọ́bà bọ̀ ọ́. Wọ́n padà là á láyà, wọ́n bó èèpo yẹn kúrò. Ó yè, ṣùgbọ́n oṣù méjì ló lò lọ́dọ̀ wa.

Láti ìgbà náà, tí ọmọ bá ti gba oògùn tó tọ́ fún wákàtí 48, ó pẹ́ tán 72, tí ibà ò sì wálẹ̀, n kì í kọ́kọ́ bèèrè pé oògùn wo ló kù. Mo máa ń bèèrè pé níbo ni ọyún sá pa mọ́ sí. Àwọn àmì kan máa ń wà tí ìyá ọmọ máa ń tètè rí ju àwa lọ. Ọmọ á máa fi ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn ún sùn, kò ní fẹ́ kí wọ́n yí i padà. Apá kan àyà rẹ̀ á máa gbéra sókè tó bá mí, apá kejì á dúró gbọin. Nígbà mìíràn inú ló máa sọ pé ó ń dun òun, wọ́n á fún un lóògùn aràn, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ni wàhálà wà. Mímí rẹ̀ náà á yá. Tí ara ọmọ bá balẹ̀, ẹ ká a fún odindi ìṣẹ́jú kan: tó bá pé 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọ ọdún 1 sí 5, ó ti yára jù. Fún ọmọ oṣù 2 sí 11, 50 ni. Fún ìkókó tí kò tí ì pé oṣù 2, 60 ni.

Ẹ bi wọ́n lónìí bóyá wọ́n ti ṣe sikáànì àyà, irú èyí tí wọ́n fi ń wo aboyún. Nínú X-ray, omi funfun, ẹ̀dọ̀fóró tí òtútù àyà ti mú le náà funfun, èèyàn sì lè má mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Sikáànì mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ó ń fi hàn bóyá omidun ni tàbí ògì tó ti pín yàrá-yàrá, wọ́n á sì fi bírò sàmì sí ibi tó yẹ kí wọ́n gbà wọlé. Kì í wọ́n bíi CT, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá tó ń fi ìtànṣán X-ray ya inú ara, kò sì ní ìtànṣán kankan. Ní tèmi, tí owó kan ṣoṣo bá wà nílẹ̀, sikáànì ni kẹ́ ẹ ná an lé.

Bí wọ́n ṣe máa ki rọ́bà bọ̀ ọ́ rèé. Wọ́n á fún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora, tàbí èyí tó máa mú un sùn. Abẹ́ abíyá, lẹ́gbẹ̀ẹ́, ni wọ́n máa gbà, wọ́n á sì gba òkè egungun ìhà wọlé, torí abẹ́ egungun ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Wọ́n á fi òwú rán rọ́bà mọ́ awọ ara. Orí kejì rọ́bà á wà nínú ìgò, lábẹ́ omi. Omi yẹn ni gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: ọyún ń jáde, afẹ́fẹ́ kò lè padà wọlé. Gotthard Bülau ló bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ ní Hamburg, ní Jámánì, ní nǹkan bí ọdún 1875. Ẹ̀rù tó ń ba màmá ọkọ yín kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ní 1918, nígbà tí inflúẹ́ńsà ń pa àwọn ọmọ ogun ní àgọ́ wọn ní Amẹ́ríkà, ńṣe làwọn dókítà ń tètè la àyà wọn sílẹ̀ gbayawu kí ọyún lè jáde. Afẹ́fẹ́ ń ya wọlé, ẹ̀dọ̀fóró ń rọ, àwọn ọmọkùnrin náà ń kú. Ìgbà tí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, tí wọ́n padà sídìí rọ́bà tí ẹnu rẹ̀ wà lábẹ́ omi, ni ikú náà tó dín kù gan-an. Rọ́bà yìí ni wọ́n fẹ́ lò fún ọmọ yín.

Tí wọ́n bá ti ki í bọ̀ ọ́, ẹ̀yin lẹ di olùṣọ́ ìgò, torí nọ́ọ̀sì kan ló ń wo ọmọ púpọ̀. Ìgò gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ju àyà ọmọ lọ nígbà gbogbo. Ẹni tó bá fẹ́ gbálẹ̀ tó gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì ti ṣe ohun tó burú: omi inú rẹ̀ lè ṣàn padà sínú àyà. Ẹ wo omi inú rọ́bà náà dáadáa. Tí ọmọ bá fa èémí wọlé, ó ń gòkè. Tó bá mí síta, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Tó bá dúró lójijì, tí kò lọ tí kò bọ̀, ẹ pe nọ́ọ̀sì: ó lè jẹ́ pé ẹ̀dọ̀fóró ti fẹ̀ tán, ó sì lè jẹ́ pé rọ́bà ti dí tàbí ọmọ dùbúlẹ̀ lé e. Tí ó bá ń hó kuru-kuru, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fún rọ́bà náà pa. Tí rọ́bà bá já bọ́, ẹ fi gọ́ọ̀sì tàbí aṣọ mímọ́ tẹ ojú ihò náà kẹ́ ẹ tó pariwo. Kó má sì yà yín lẹ́nu tí dókítà fúnra rẹ̀ bá dá a dúró díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. A kì í jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ya jáde lẹ́ẹ̀kan. Tí ó bá ti tó nǹkan bíi mílílítà 10 fún kílò kọ̀ọ̀kan ara ọmọ, ìyẹn nǹkan bí 140 fún ọmọ kílò 14, a máa ń dá a dúró fún wákàtí kan kó tó tún máa dà.

Kí ọmọ má kàn sùn sílẹ̀ o. Ẹ gbé e jókòó, ẹ jẹ́ kó rìn, kí ẹnì kan máa gbé ìgò tẹ̀ lé e. Ẹ ra bàlúùnù fún un kó máa fọn. Tó bá ń sunkún pé rọ́bà ń dun òun, ẹ bèèrè oògùn ìrora, torí ọmọ tí àyà ń dùn kì í mí kanlẹ̀, kì í sì í wúkọ́ dáadáa.

Tí okùn bá ti pọ̀ nínú ọyún, oògùn kan wà tí wọ́n ń gba inú rọ́bà fi sí i láti já àwọn okùn náà. Urokinase ni wọ́n ń lò ní Ìlú Ọba, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 3. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní London ní 2006 fi í wé iṣẹ́ abẹ oníhò kéékèèké; iye ọjọ́ táwọn ọmọ náà lò ní ọsibítù kò yàtọ̀ síra, owó oògùn ló sì kéré sí ti iṣẹ́ abẹ náà. Níbi tiwa, kì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ti wà, owó rẹ̀ sì le. Tí ibi tẹ́ ẹ wà ò bá ní i, tí rọ́bà ò sì rí ọyún fà dáadáa, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ bèèrè lẹ́tà lọ sí ọsibítù tí oníṣẹ́ abẹ àyà wà, bíi UCH ní Ìbàdàn tàbí OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀. Lẹ́tà, ọkọ̀ àti ọ́síjìn ni wọ́n fi ń lọ. Ẹ má ṣe fi ọ̀kadà gbé e jáde lóru.

Lórí kòkòrò tó fà á, wọ́n á gbé lára ọyún lọ sí láàbù. Kòkòrò náà lè má hù níbẹ̀. Oògùn kẹ́míìsì tí ọmọ ti lò ti lù ú bolẹ̀ láìpa á, kò sì ní jẹ́ ká mọ orúkọ rẹ̀. Ṣé eéwo tàbí egbò wà lára rẹ̀ kó tó di pé ikọ́ bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó ṣe èèyi láìpẹ́ yìí? Ẹ sọ fún wọn, torí kòkòrò tó ń fa eéwo, tí wọ́n ń pè ní staph, wà lára àwọn tó ń fa irú èyí jù níbi tiwa. Cloxacillin pẹ̀lú gentamicin la sábà máa ń fi bá a jà, tí ara ọmọ bá sì ti yá, cloxacillin tó ń fẹnu lò á máa bá a délé títí ọ̀sẹ̀ 3 á fi pé. Ẹ máa ka ọjọ́ yẹn, torí ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣubú nìyẹn: ibà lọ ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n bá fi oògùn tó kù pa mọ́ fún ìgbà míì.

Tó bá jẹ́ omi tó mọ́, tó láwọ̀ òróró, ló jáde dípò ọyún, tí ẹnì kan nínú ilé sì ti ń wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ikọ́ ife ni ká máa wò. Ọmọdé kì í mọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tu síta, gbígbé ló ń gbé e mì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè fi ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò GeneXpert, èyí tó ń wá kòkòrò ikọ́ ife. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ikọ́ ife ní ọsibítù ìjọba. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo jẹnotáìpù rẹ̀ àti HIV pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ pé apá kan náà ni òtútù àyà ń padà sí ní gbogbo ìgbà, ẹ rántí bóyá ẹ̀pà há a lọ́fun lọ́jọ́ kan. Mo ti rí ẹ̀pà tó jókòó sínú ọ̀nà èémí ọmọ fún oṣù 4.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí màmá. Ọmọ aládùúgbò yẹn, ẹ fọ̀wọ̀ bi wọ́n pé: ọjọ́ wo ni àìsàn mú un, ọjọ́ wo ni wọ́n gbé e dé ọsibítù, ọjọ́ wo ni wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́? Ọ̀pọ̀ ìgbà tí mo bá bèèrè báyìí, ìdáhùn máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹta, ìkẹrin. Irú ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ sí ọ́síjìn: “wọ́n ti fi ọ́síjìn sí i, ó ti parí nìyẹn.” Torí pé ìgbà tí ẹ̀mí fẹ́ bọ́ ni wọ́n máa ń gbà kí wọ́n fi sí i, wọ́n rò pé òun ló ń pani. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń há ọmọ níka, tó ń ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, ni kẹ́ ẹ máa wò. Tó bá ti lọ sísàlẹ̀ 90, ọmọ nílò ọ́síjìn, kó dà bí ẹni pé ara rẹ̀ le o, kó má dà bẹ́ẹ̀ o. Ní ọsibítù 12 níbí ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà tí wọ́n ti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti máa lo ẹ̀rọ yìí fún gbogbo ọmọ, ikú òtútù àyà dín kù.

Ẹ fún màmá níṣẹ́ ṣe. Kí wọ́n fi òrí pa á lẹ́sẹ̀ àti lẹ́yìn, kò burú. Ṣùgbọ́n àdín tàbí epo kò gbọ́dọ̀ gba imú tàbí ọ̀nà ọ̀fun tipátipá wọlé: inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ, òtútù àyà tuntun ló sì ń dá sílẹ̀. Àgbo tí ìtọ̀ màlúù wà nínú rẹ̀ máa ń fa ṣúgà ọmọ wálẹ̀ títí gìrì á fi dé. Kí wọ́n se mọ́ínmọ́ín wá, ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, torí ohun tó yẹ kó kọ́ ara ọmọ ń bá ọyún jáde.

Ibà lè má lọ lọ́jọ́ tí rọ́bà wọlé. Ó lè lo ọjọ́ mélòó kan sí i. Tí wọ́n bá ní platelet inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ga, ẹ má jáyà, ó máa ń ga nínú àìsàn yìí, ó sì máa ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó lè máa rìn ní títẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan fún ìgbà díẹ̀, ìyẹn náà máa ń lọ. Wọ́n á tún X-ray yà ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ó lè má tí ì mọ́ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n láàárín oṣù 3 sí 6, X-ray ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ wọ̀nyí máa ń padà sí bó ṣe yẹ. Níbi tí ọmọdé ti sàn ju àgbà lọ nìyẹn. Àgbàlagbà tó bá ṣe irú ẹ̀ kì í sábà bọ́ bẹ́ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ní ìkókó mìíràn nílé, ẹ wo káàdì rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára PCV, tó ń gbógun ti ọ̀kan lára kòkòrò tó ń fa òtútù àyà, ti wà ní Nàìjíríà láti ìparí 2014, ọ̀fẹ́ ni, ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14.

Nígbà tí dókítà bá dé láàárọ̀ ọ̀la, ẹ bi í: ṣé ọyún ni tàbí omi? Ṣé sikáànì ti rí okùn nínú rẹ̀? Ta ló máa ki rọ́bà bọ̀ ọ́, oògùn ìrora wo lẹ sì máa kọ́kọ́ fún un? Kẹ́ ẹ tó bi í, ẹ rí i pé màmá wà níjòókòó.